Ta Ni Yóò Pàdé Mipọ̀sí?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejì ọdún yìí, ilẹ̀ ò tíì mọ́, àwọn ọmọ ìjọ kan ní Finglas, ní Dublin, wà lórí láìnì àdúrà, oníkálukú nínú yàrá rẹ̀, fóònù létí, oorun lójú. Pásítọ̀ Nathaniel ń gbàdúrà fún àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn ò tíì jáde. Láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ohùn ìyá àgbà kan bọ́ sílẹ̀, ketekete, bí ẹni tó jókòó tì wọ́n:

"Àlàhú Àkùbárù."

Pásítọ̀ dákẹ́. Ohùn náà ò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, ó ń kà á lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò kọsẹ̀ níbì kankan.

"Jésù!" ẹnì kan pariwo.

"Ta nìyẹn? Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí láìnì o!"

"Ẹ̀mí wo tún lèyí láàárọ̀ kùtù?"

Sístà Tòún, tó ń bójú tó láìnì náà, ló mọ ohùn ọ̀hún. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kì í ṣe ẹ̀mí. Ìyá Mipọ̀sí ni."

Ìyá Mipọ̀sí ò gbọ́ gbogbo èyí. Nínú ilé wọn ní Balbriggan, ìlú kan lẹ́bàá Dublin, ó ti yí ohùn fóònù wálẹ̀ pátápátá, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ọ pé tí kò bá fẹ́ káwọn èèyàn gbọ́ òun, kó tẹ àwòrán makirofóònù kí ilà pupa kọjá lórí rẹ̀. Ó rò pé òun ti tẹ̀ ẹ́. Ó lé lọ́dún kan tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀: àdúrà ìjọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrun àsùbáà lórí ẹní, lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà gbọ́ ti èkejì.

Mùíbátù lorúkọ rẹ̀. Ìwó ni wọ́n bí i sí. Aránṣọ ni, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń rán, ó sì lè fi ojú lásán wọn èjìká ọmọ títí dòní. Ọkọ rẹ̀, Àlàájì Ganíyù, mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ìyàwó kejì lòun. Ìyáálé rẹ̀, Ìyá Wáìdì, ló wà nílé kó tó dé. "A jà, a rẹ́, a tún jà," bó ṣe sọ fún èmi tó ń kọ ìtàn yìí nìyẹn. Ìyá Wáìdì ló kọ́kọ́ kú, Àlàájì tẹ̀ lé e. Ilé tí Mùíbátù ti wá, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kírun. Àlàájì ló kọ́ ọ ní Fátíhà lẹ́yìn ìgbéyàwó, nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín òórùn gíríìsì, sípánà lọ́wọ́.

"Tí mo bá ti ṣì í pè, á fi sípánà gbá páànù. Gbàù! Ẹ̀rù á bà mí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbàgbé."

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún un, ìyẹn Mipọ̀sí. Mipọ̀sí di onígbàgbọ́ nígbà tó wà ní Pólì Ìbàdàn, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé wọn, níhà bàbá àti níhà ìyá. Àlàájì ò bá a jà. Ó kàn ní Ọlọ́run kan náà ni, kó má ṣáà gbàgbé ilé. Ní Ìwó, ọ̀rọ̀ yẹn tó. Ẹni tó bá ṣe Kérésì á gbé àwo oúnjẹ fún ẹni tó ṣe Iléyá, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí oníkálukú ń lọ lẹ́yìn ikú. Dublin ni ìbéèrè yẹn ti wá ká wọn mọ́.

Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí Màmá ti dé Ireland, láti wá wẹ ọmọ nígbà tí Mipọ̀sí bí Iyìolúwa. Opó ni nígbà yẹn. Ó wẹ ọmọ tán, wọn ò jẹ́ kó padà. Ó ń kírun nínú yàrá rẹ̀, Mipọ̀sí àti ọkọ rẹ̀ Gbọ́lá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí wàhálà. Mipọ̀sí tiẹ̀ ra kẹ́ẹ̀tù aláwọ̀ ewé kan fún un, irú èyí táwọn òyìnbó fi ń bomi rin òdòdó, kó máa fi ṣe àlùwàlá. Imú kẹ́ẹ̀tù náà gùn ju ti búùtà lọ. Wọ́n jọ fi rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ ọyàn dé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Finglas ni Mipọ̀sí ti ń ṣiṣẹ́. Òun tó ń gbé àwọn arúgbó dìde wá di ẹni tí wọ́n ń gbé dìde. Nígbà tó mọ̀ pé òun ò ní yè é, ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ ìyá rẹ̀.

"Màmi, ibi tí mò ń lọ, ẹ ò lè débẹ̀ báyìí. Ẹ gba Jésù. Mi ò fẹ́ ká pínyà."

Kí ni ìyá fẹ́ sọ? Ó gbà, ó sì ṣèlérí pé ìgbàgbọ́ lòun yóò ṣe títí dọjọ́ ikú. Gbọ̀ngàn tí ìjọ náà ń lò wà láàárín àwọn ilé iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù táyà lọ́tùn-ún, ibi tí wọ́n ń ta táìsì lósì. Ọpọ́n rọ́bà ńlá kan tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ni wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un. Wọ́n se omi gbígbóná dà sí i títí, síbẹ̀ ó tutù. Mipọ̀sí wà létí ọpọ́n nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó ń pàtẹ́wọ́. Kí ọdún Àjíǹde tó dé, ó ti kú.

Màmá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó ká ẹní ìkírun sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń gun láìnì àdúrà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó dúró de Pásítọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

"Pásítọ̀, mo ti gbọ́ ibi tí ọmọ mi wà. Ganíyù ńkọ́?"

"Màmá, ṣé Bàbá gba Jésù kí wọ́n tó kú?"

"Kò gbà á. Ta ni ì bá fún un?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ọlọ́run, Màmá."

"Ọlọ́run mọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń bi."

Pásítọ̀ Nathaniel kì í ṣe èèyàn líle. Bọ́ọ̀sì ló ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun lè parọ́ fún ìyá náà lọ́jọ́ yẹn, pé ó wu òun, ṣùgbọ́n òun ò lè fi ẹnu tí òun fi ń wàásù parọ́. Ó kàn di ọwọ́ ìyá náà mú. Màmá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Nígbà tó yá, ó wọ takisí Áàfáà Lúkúmọ́nù láti ibùdókọ̀ ojú irin. Áàfáà náà ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú lópin ọ̀sẹ̀. Màmá yí ìbéèrè náà padà fún un: tí òun bá padà sẹ́sìn ọkọ òun, ṣé òun á rí ọmọ òun tó kú sínú ìgbàgbọ́?

"Àlàhú aláàánú ni, Màmá."

"Ohun tí Pásítọ̀ náà sọ nìyẹn."

Ó sanwó takisí, ó wọlé. Lọ́jọ́ kejì ló yọ ẹní jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Mo ní kí n má já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì," ó wí. Bó ṣe di pé ó ń ṣe méjèèjì pọ̀ nìyẹn, títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ilà pupa ò kọjá lórí makirofóònù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Pásítọ̀ àti Sístà Tòún wá sí Balbriggan. Gbọ́lá ń múra iṣẹ́ alẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ oògùn ní Grange Castle. Ó jókòó tì wọ́n pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Màmá, Ọlọ́run òjòwú ni," Sístà Tòún bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó kejì ni mí, ọmọ mi. Ta lo fẹ́ kọ́ ní owú? Òjòwú tó gbọ́n máa ń jẹ́ kí ọbẹ̀ jinná kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjà."

Ẹ̀rín bú jáde lórí àtẹ̀gùn. Iyìolúwa ni, ó jókòó sókè níbẹ̀ tó ń gbọ́. Gbọ́lá wò ó, ó pa ẹnu dé.

Pásítọ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Màmá, mi ò wá lé yín. Ẹ̀yin ni ìyá wa. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Tí ẹ bá ṣì ń kírun, ìrìbọmi yẹn, omi lásán ni. Ẹ ò ní dé ibi tí Sístà Mipọ̀sí wà. Ẹ ní láti yan ọ̀kan."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá náà yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Bàbá Iyìn, ìwọ lo kàwé. Èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì?"

"Màmi, mi ò mọ̀."

"Sọ èyí tóo rò."

Gbọ́lá ń wo bàtà rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, tí mo bá pe Ọlọ́run, ńṣe ló dà bíi kéèyàn máa kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Màmi. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò."

"Mipọ̀sí ńkọ́?"

Gbọ́lá ń tún okùn bàtà rẹ̀ so.

"Mo ní tí kò bá sẹ́nì kankan níbẹ̀, Mipọ̀sí ńkọ́?"

Ìgbà tí Gbọ́lá ń sọ èyí fún mi, ó ní òun ì bá ti parọ́. Òun kì í ṣe Pásítọ̀, kò sí ohun tí irọ́ ì bá bà jẹ́ lẹ́nu òun.

Iyìolúwa ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Dublin ló fi ń fèsì. Ó fẹ́ tu ìyá àgbà nínú. "Kò le, Gránmà. Ẹ̀yin ẹ lọ bá Mammy, èmi á lọ bá Grandad. Grand?" Bí wọ́n ṣe ń sọ pé ṣó dáa ní Dublin nìyẹn.

Màmá gbá a létí. Kò nà án rí láti ọjọ́ tó ti ń wẹ̀ ẹ́. "Ìwọ ò ní lọ síbì kankan! Ṣé o gbọ́? Ìwọ ò ní lọ síbì kankan!" Ó wá fa ọmọ náà mọ́ra, àwọn méjèèjì ń sunkún. Gbọ́lá ò lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Fún ọjọ́ mélòó kan, kò gun láìnì, kò sì kírun. Ojú fèrèsé ìdáná ló ń jókòó sí, ibi tí èèyàn ti ń rí ọkọ̀ ojú irin tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí àárín Dublin. Ibẹ̀ ló ti rò ó já. Bó ṣe là á kalẹ̀ fún mi nìyí, bí ẹni tó ń pín yàrá fún àlejò:

"Ganíyù ní èèyàn. Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Ìyá Wáìdì wà níbẹ̀, ìdajì Ìwó ló wà níbẹ̀. Wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mipọ̀sí, ta ló mọ̀ níbi tó lọ? Kò sẹ́ni tó ṣe ìgbàgbọ́ rí nínú wa. Òun nìkan ló dá lọ, bó ṣe dá wá sí ìlú yìí. Ta ni yóò pàdé rẹ̀?"

Mo ní àwọn èèyàn Gbọ́lá ńkọ́, onígbàgbọ́ ni wọ́n.

"Bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí Ọlọ́run dá wọn sí."

Àwọn ará ìjọ ńkọ́?

"Gbogbo wọn ṣì wà láyé, wọ́n ń sáré iṣẹ́."

Wọ́n kọ́ mi níléèwé pé kí n máa béèrè ẹ̀rí. Mo ní ìbéèrè kan sí i. Mi ò bi í.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí Iyìolúwa bá òun yọ ilà pupa kúrò lórí fóònù. Ó dúró kí Pásítọ̀ dé àmín. Ó wá sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta tó wà lórí láìnì lọ́jọ́ náà sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

"Ganíyù, èmi ni, Mùíbátù. Má bínú sí mi. Ọmọ rẹ dá nìkan wà, kò sì mọ ẹnì kankan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Ìwọ ní Ìyá Wáìdì. Bá mi kí i, sọ fún un pé mo ti fi ilé sílẹ̀ fún un. Fátíhà tóo kọ́ mi, mi ò gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní kà á mọ́. Ó dì..."

Ó fẹ́ sọ pé ó dìgbà. Ó rántí pé kò sí ìgbà kankan. Ó dúró síbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Sístà Tòún ló ń sunkún, láìrántí pé ilà pupa ò sí lórí tirẹ̀ náà. Nígbà tó pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí láìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, láìdágbére.

Iyìolúwa ká ẹní náà, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù òkè pẹ̀lú àwọn kóòtù òtútù ìyá rẹ̀. Màmá ò tíì padà sórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ń lọ sí Finglas lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n ń fún un ní àga iwájú.

Ṣùgbọ́n ara ò mọ̀ pé èèyàn ti yàn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo lọ sọ́dọ̀ wọn kẹ́yìn, Gbọ́lá ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ó bá iná tó ń tàn nínú balùwẹ̀. Màmá jókòó létí ọpọ́n ìwẹ̀, kẹ́ẹ̀tù aláwọ̀ ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ tutù, apá rẹ̀ tutù dé ìgúnpá, omi ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Mo ti ṣe àlùwàlá tán kí n tó rántí," ó wí.

Gbọ́lá fa táwẹ̀lì wálẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó nu ẹsẹ̀ kan, ó nu èkejì.

"Omi yìí tutù, Màmi."

"Ó tutù," Màmá dáhùn. "Ti ọjọ́ ìrìbọmi yẹn náà tutù."