Ilé Kékeré Lójú Ọ̀nà Ìjagbó

Bí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní Ọ̀fà láyé ìgbà náà, ẹ má wulẹ̀ bú ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ kó kúrò ní agbo ilé lọ sí ilé tó kéré sí i. Èmi sọ bẹ́ẹ̀, ojú mi sì rí nǹkan.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira ni. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní réluwéè, èmi ń ránṣọ. Agbo ilé bàbá rẹ̀ ni a ń gbé, nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí yàrá rẹ̀ pọ̀ débi pé àlejò lè sọnù síbẹ̀. Ilé ńlá ni lóòótọ́, lójú ẹni tó ń ti òde wò ó. Bí òjò bá ti ṣú, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ kiri inú yàrá. Ògiri ń rún sórí aṣọ oníbàárà mi, ilẹ̀kùn mi kò sì ní tì àfi bí mo bá fi òkúta tẹ̀ ẹ́ nídìí. Àwọn ọmọ ilé, tí gbogbo wọn jẹ́ ọkọ mi, títí kan èyí tí kò tíì hu eyín, ń gba ibi ìránṣọ mi kọjá bí ẹni pé títì ni. Mo fẹ́ràn wọn. Mo tún fẹ́ràn kí n bá abẹ́rẹ́ mi níbi tí mo fi í sí.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní káfíńtà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó sì ń wá ẹni tí yóò ta ilé rẹ̀ fún. Ilé náà wà lójú ọ̀nà Ìjagbó, níbi tí ìlú ti ń parí tí oko ànàmọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. A lọ wò ó. Yàrá méjì àti pálọ̀, ó tán. Mo ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín kí n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó rọra tì, kò ké. Mo ṣí i, mo tún tì í, mo tún ṣí i, títí ọkọ mi fi bi mí pé ṣé ilẹ̀kùn nìkan la wá rà ni. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ń dán. Fèrèsé onígíláàsì ń gba afẹ́fẹ́ wọlé láti ìhà méjèèjì. Àjà onípákó wà lábẹ́ páànù, kò sí àmì òjò kankan lára rẹ̀, tánkì tó ń gba omi òrùlé sì wà lẹ́yìnkùlé. Ara rẹ̀ ni baba náà kọ́ ilé fún, kò kọ́ ọ fún ojú ayé. Ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọkọ mi náà fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ní bí ìyá òun kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí a máa lọ, a kò lọ síbì kankan. N kò bá a jiyàn. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyakọ mi yìí ni mo rí pè ní ìyá, òun ló sì wẹ gbogbo ọmọ mi. Mo fẹ́ ilé náà gan-an, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ pàdánù ìyá nítorí ilé.

Nígbà tí ọkọ mi sọ fún un, ó ní kí a jẹ́ kí òun rò ó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo agbo ilé ti gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọ́ ilé tó tóbi jù ló ń kó jáde. Ẹni tó bá kó lọ sí kékeré, ìjà ló lé e. Ni baálé wa bá pe èmi àti Ìyá sí ọ̀ọ̀dẹ̀, pẹ̀lú àwọn àgbà tó kù.

Baálé wò mí. “Ìyàwó wa, kí ni ìyakọ rẹ fi ṣe ọ́?”

Mo kúnlẹ̀. “Kò fi nǹkan kan ṣe mí, bàbá.”

Ó bi Ìyá náà. Ìyá ní n kò ṣẹ òun rárá. Baálé mi orí. Ó ní ìjà náà mà jinlẹ̀ o, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń bò ó mọ́lẹ̀.

“Ìjàkadì lorò Ọ̀fà,” ó ní, “ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ìyakọ òun ìyàwó. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin méjèèjì.”

Bí àgbà bá bẹ̀ ọ́, o kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí ohun tó ń bẹ̀ ọ́ sí. Mo ní mo ti gbà. Ìyá náà ní òun ti gbà. Wọ́n pín obì, inú wọn dùn, wọ́n lọ.

Ibẹ̀ ni ìjà gidi ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ìyàwó mi, kí lo dárí rẹ̀ jì mí?”

“Kò sí nǹkan kan, Ìyá.”

“O ní o ti gbà. Ta ní ń gba ẹ̀bẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́?”

“Ẹ̀yin náà ní ẹ ti gbà.”

“Tèmi, mo fi bọ̀wọ̀ fún baálé ni.”

“Tèmi náà!”

Mo rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, kò wá jókòó tì mí mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní òun ti yó. Inú bí mi sí baálé, ó bí mi sí gbogbo Ọ̀fà tó mú kí n dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Ó sì dùn mí dé egungun.

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo wọ yàrá rẹ̀. “Ìyá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ.” Mo mú un lọ sí ilé náà. Ó fi ìka kan ògiri. Ó gbójú sókè wo àjà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó tún tì í, ó wá kọjú sí mi.

“Ṣé nítorí èyí ni?”

“Nítorí rẹ̀ ni, Ìyá.”

“Kì í ṣe nítorí mi?”

“Òrùlé ló ń jò sí mi lára. Ẹ̀yin kọ́.”

Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ máa lọ,” ó ní. “Ṣùgbọ́n èmi ni yóò gbé ẹrù àkọ́kọ́.”

Ìyakọ kì í ru ẹrù fún ìyàwó. Lọ́jọ́ tí à ń kó, Ìyá di ẹrù ńlá kan, ó gbé e karí, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Kò gba ẹ̀yìnkùlé. Ojú ọjà ló gbà lọ́sàn-án gangan, èmi ń tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfo, ojú ń tì mí. Ó dúró níwájú baálé, ó kí i kúnná. Ẹni tó bá béèrè ibi tó ń lọ, á ní, “Ìyàwó mi ni mò ń sìn lọ sílé rẹ̀. Ẹ ò rí i pé a ti jà tán?”

A débẹ̀, mo tú ẹrù náà, mo rò pé aṣọ mi ni. Ẹní rẹ̀ ni, àti ìrọ̀rí rẹ̀, àti kẹ́tùrù tó fi ń ṣe àlùwàlá.

“Ìyá, ṣé ẹ ń bá wa kó wá ni?”

“Rárá o. N kò lè fi ilé ọkọ mi sílẹ̀.” Ó tẹ́ ẹní náà sínú yàrá kejì, ó fọwọ́ tẹ́ etí rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ilé tí ẹní mi bá wà, ta ló máa ní ìyàwó mi sá fún mi lọ síbẹ̀?”

Ó padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo sìn ín dé ojú ọ̀nà, mo padà wọlé, mo jókòó lórí ẹní rẹ̀, mo sì sunkún ayọ̀ títí àwọn ọmọ fi wá béèrè oúnjẹ.