Ohùn Tí Mo Gbọ́ Nínú Sípíkà Ṣọ́ọ̀ṣì Òkukù

Inísà ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ìkìrun ni mo ti ń tún sípíkà ṣe. Àwọn àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù, èyí tí wọ́n fi pákó gidi kàn. Bí pépà inú rẹ̀ bá ti ya, màá gé òmíràn, màá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, màá sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ dáadáa. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo bá ń ṣe é, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìyàwó mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u.

Lọ́dún tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òkukù gbé sípíkà méjì wá fún mi. Ọ̀kan wà fún inú ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì fún pálọ̀ ilé àlùfáà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà tó gbé ilé náà kẹ́yìn ti kú. Àwọn ọmọdé nìkan ló ń wọ ibẹ̀, ní ọjọ́ ìsinmi, fún ẹ̀kọ́ Bíbélì. Wáyà gígùn kan ló so sípíkà méjèèjì pọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́rú ni mo gbé wọn padà. Mo kọ́kọ́ gbé tilé sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri pálọ̀, èmi àti bàbá tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì lọ gbé wáyà wá, mo sì so ó mọ́ ọn. Bàbá fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ilé náà, wọ́n sì lọ sídìí ẹ̀gẹ́ wọn lẹ́yìn ọgbà.

Mo dá wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí iná láti ìjẹta. Ẹ̀rọ tó máa ń gbé ohùn sókè ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi ìka tẹ pépà sípíkà, mo gbé etí sún mọ́ ọn láti mọ̀ bóyá ó ń ha.

“Sùúrù,” ni mo sọ fún un. “O ti ń bọ̀ sípò.”

Mo gbọ́ mímí. Lẹ́yìn náà ni ohùn tín-ínrín kan wá láti inú rẹ̀, ó ní, “Mo ń gbọ́.”

Mo wo ìdí sípíkà náà. Kò sí nǹkan mìíràn tó so mọ́ ọn àfi wáyà yẹn.

“Mo ń gbọ́. Ẹ má lọ.”

Mo sáré jáde. Ìdí ẹ̀gẹ́ ni mo dé kí n tó rántí ohun tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi hàn mí rí: bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ sí sípíkà kan, wáyà lè gbé e dé inú èkejì láìsí iná rárá.

“Bàbá, ẹnì kan wà nínú ilé yẹn.”

“Ta ni yóò wà níbẹ̀? Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.”

Síbẹ̀ wọ́n tẹ̀ lé mi. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, opó àlùfáà náà la bá nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tí a lọ gbé wáyà ni ìyá náà wọlé lọ jókòó sí yàrá ọkọ wọn. Wọ́n ń jáde bọ̀ ni wọ́n fi ṣubú. Wọn ò wò wá rárá. Sípíkà ni wọ́n ń wò.

Ìbàdí wọn ló fọ́. Mo lọ kí wọn ní ọsibítù ní Òṣogbo, mo sì sọ òótọ́ nítorí ó ń dùn mí lọ́kàn.

“Ìyá, ohùn mi lẹ gbọ́. Èmi ni mo ń bá iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀.”

“Kí lo sọ?”

“Mo ní, sùúrù, o ti ń bọ̀ sípò.”

“Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?”

“Mo sá jáde ni, mà. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́.”

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. “Ohùn náà ò dákẹ́, ọmọ mi. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ títí ẹ fi ṣílẹ̀kùn.”

Kò sí ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo àkókò yẹn. Mi ò lè bi wọ́n léèrè ohun tó sọ.

Mo parí iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá sì dúró tì mí títí mo fi kó irinṣẹ́ mi. Ìyá ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Mo gbọ́ pé wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ́wọ́ Bàbá, àárọ̀ ọjọ́rú ni wọ́n sì máa ń lọ jókòó ti sípíkà náà.