Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Ẹ̀rọ Kò Dárúkọ

Ẹ bá mi kí báàjì, ohun ọ̀ṣọ́ tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, àmọ́ tó ń sọ akọ̀wé lásán di ìjòyè! Ohun tí wọ́n kọ sára tiwa ni: "Bi mí ní ìdí rẹ̀." Olú iléeṣẹ́ báńkì wa ló fi í ránṣẹ́ láti Èkó sí ẹ̀ka wa ní Onitsha, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá dé láti máa ṣọ́ àkáǹtì àwọn oníbàárà. Wọ́n ṣèlérí fún gbogbo ayé pé ẹ̀rọ náà kò ní ṣe ohunkóhun tí a kò ní lè ṣàlàyé. Máníjà wa a máa fi áńkáṣíìfù nu báàjì tirẹ̀ kó tó jẹun.

Ẹ̀rọ náà ti àkáǹtì màmá kan pa. Télọ̀ ni, ará Ọ̀ṣun tó ń gbé Omagba, àdúgbò kan ní Onitsha níbí. Ó ti gba iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù iléèwé kan ní Oba, ìlú kan nítòsí wa. Bí kò bá rówó ra aṣọ ní Main Market kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iṣẹ́ náà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ó wá bi mí ní ìdí rẹ̀, mo wo kọ̀ǹpútà. "Ìṣesí àjèjì" ló kọ síbẹ̀. Mo kọ̀wé sí Èkó pé ìṣesí wo? Wọ́n fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé ìṣesí tó jẹ́ àjèjì ni.

Nígbà tí màmá padà wá, kò dá wá. Ó mú bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ àwa Yorùbá wá, àti aládùúgbò rẹ̀, ọkùnrin Igbo kan tó ń ta bọ́tìnnì. Wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ ni. Bí a bá ṣẹ àgbà nílé wa, ẹni tí àgbà náà kò lè dójú tì la máa ń mú lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá ṣí fìlà. Màmá, tó tó ìyá mi, kúnlẹ̀ níwájú káńtà.

"Ọmọ mi, ẹ bá mi bẹ ẹ̀rọ yín. Mo rán ṣòkòtò kan tó fún, mo ní oníbàárà ló sanra. Ṣé ìyẹn ni?"

"Rárá, màmá. Ẹ dìde."

"Ọ̀gá, abeg, wetin she do?" Oníbọ́tìnnì ló dá sí i. "Talk am, make we beg!"

Bàbá na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Ọba pàápàá a máa sọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹni kó tó ní kí wọ́n nà án. Irú ọba wo ló wà nínú àpótí yìí?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti mọ oògùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wọn a kàn hùmọ̀ ìdí kan fún oníbàárà, kó lè máa lọ. Máníjà a sì kọ ọ́ sí Èkó pé gbogbo oníbàárà ló gbọ́ àlàyé. Èkó a yìn wá. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni wọ́n.

Màmá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ti ń kùn.

Mo ní, "Màmá, sáìn yín ló yí padà."

Ojú rẹ̀ là. Ó gbàdúrà fún mi títí, ó sáìn ìwé tuntun, ó lọ. Àkáǹtì náà kò ṣí. Iṣẹ́ Oba bọ́. Kò sí ohun tó ṣe sáìn rẹ̀. Èmi náà ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn.