Ìgèrè Tí Mo Yí Padà Lódò Ọ̀sẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n yangàn díẹ̀ lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lódò Ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, mi ò lè gbé e mì.

Ẹ mọ̀ mí sí télọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú yín ò mọ̀ ni pé apẹja ni bàbá mi, abúlé etí odò sì ni wọ́n bí mi sí. Ní báyìí, orúnkún ò jẹ́ kí bàbá lè wọ ọkọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ákùúrẹ́ kì í tiẹ̀ fẹ́ kí omi kan bàtà òun! Ni bàbá bá pè mí lórí fóònù pé àwọn fẹ́ fa ọkọ̀ àwọn lé Bàbá Ṣadé aládùúgbò wa lọ́wọ́.

Inú bí mi. Èmi ńkọ́? Ṣé nítorí pé mo jẹ́ obìnrin ni? Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n dẹ ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ tí ẹja máa ń wọ̀ tí kì í lè jáde, wò ná. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dáa, tí mo bá lè pa ẹja àrọ̀ tó máa tó ilé wa jẹ kí Bàbá Ṣadé tó wá gbé ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ di tèmi.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ mọ́tò, mo tún gun ọ̀kadà, ó di abúlé.

Omi náà dára lójú mi. Ó pọ́n bíi tíì oní-mílíìkì, ó ń kún díẹ̀díẹ̀, ó sì ti ń wọ inú koríko etídò. Ìgbà yìí gan-an ni àrọ̀ máa ń wá ibi tó máa yé ẹyin sí. Mo to àwọn ìgèrè sáàárín koríko, mo so wọ́n mọ́ òpó, mo kọ ẹnu wọn sí òkè odò bí mo ṣe rí i tí bàbá ń ṣe nígbà ọmọdé mi, mo sì lọ sùn bí ọ̀gá.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ wò ó. Ewé ló kún inú wọn, pẹ̀lú alákàn kan tó ń wò mí bíi pé èmi ni mo já wọlé rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Bàbá Ṣadé ń kọjá lọ. Wọ́n bi mí pé télọ̀, ṣé aṣọ ni mo fẹ́ rán fún ẹja ni? Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo kàn ń wo omi. Ni mo bá rí i tí ìrù ẹja ń yọ láàárín koríko, òkè odò ni gbogbo wọn ń lọ. Háà! Àṣé ìgbà ọlidé ìparí ọdún nìkan ni mo máa ń bá bàbá ṣiṣẹ́ nígbà ọmọdé. Nígbà yẹn, omi ti ń fà, ẹja sì ń bá omi sọ̀kalẹ̀ padà. Àmọ́ omi ń kún báyìí, ẹja ń gòkè. Mo ti kọ ẹ̀yìn ìgèrè sí àlejò tí mò ń retí!

Mo bọ́ sínú omi títí dé ìbàdí, mo yí gbogbo ẹnu wọn sí ìsàlẹ̀ odò.

Láàárọ̀ Sátidé, mi ò lè dá gbé ìgèrè àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Àrọ̀ kún un!

Nígbà tí mo gbé ẹja délé, bàbá ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ títóbi wọn. Wọ́n bi mí pé èyí tí ẹyin kún inú rẹ̀ ńkọ́? Mo ní mo ti dá wọn padà sódò, bí bàbá fúnra wọn ṣe máa ń ṣe. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

Bàbá Ṣadé dé pẹ̀lú okùn tí wọ́n fẹ́ fi fa ọkọ̀. Bàbá ní, “Ẹ wá jẹ ẹja. Ọma mi ló pa á. Ọkọ̀ ò kúrò nínú ulé yìí mọ́.”

Mo ti rán aṣọ ìyàwó tí gbogbo ìlú yìn, inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé iṣẹ́ òbí ẹni ò bèèrè bóyá ọkùnrin ni ọ́ tàbí obìnrin, àmọ́ ó máa bèèrè bóyá o mọ àsìkò. Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ní kò yẹ yín nílé yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo máa kà á tí mo bá ti odò dé, nítorí ọkọ̀ mi ń dúró dè mí.