Ìyípo Kẹta

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń ki irin ìwọ̀n bọ àpò àyà ẹ̀wù mi lọ kírun Jímọ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi wọn nǹkan kan ní mọ́sáláṣí o. Mo kàn fẹ́ kí àwọn èèyàn Ọ̀fà rí i pé ẹnjiníà ló ń kọjá ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì nígbà náà, Alhaji kan tó ní ilé iṣẹ́ irin lẹ́bàá ọ̀nà Ìjàgbó sì gbà mí pé kí n máa yẹ iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó jáde. Mo ní kóòtù funfun kan, mo ní bírò mẹ́ta, ìgboyà mi sì ju ọjọ́ orí mi lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ nígbà náà pé àkísà wúlò fún nǹkan kan.

Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tí mò ń yẹ iṣẹ́ wọn wò ni bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Baba Tọ́nà, nítorí iṣẹ́ tọ́nà ló ń ṣe. Yóò gbé irin gbọọrọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa yí i, òun á máa fi ọ̀bẹ irin gé e títí yóò fi di ohun tí oníbàárà ń fẹ́. Ẹ̀rọ náà, tirẹ̀ ni. Alhaji ló fún un láàyè nínú ọgbà rẹ̀, tó sì máa ń gbé iṣẹ́ fún un. Kàdúná ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà kan, ó sì ti lo bí ogójì ọdún nídìí iṣẹ́ náà. Kò mọ̀wé púpọ̀. Bó bá gé tírẹ́ẹ̀dì tán, ìyẹn àwọn ìlà wíwé ara bóòtù tí nọ́ọ̀tì máa ń gbà wọlé, á fi èékánná àtàńpàkò wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì ní, "Wọ́n ti jọ ara wọn." "Ẹnjiníà ọmọ mi" ló máa ń pè mí. Mo fẹ́ràn "ẹnjiníà" tó wà níbẹ̀, n kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn "ọmọ mi".

Lọ́dún náà, ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń to ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní kí Alhaji bá àwọn gé ọ̀ọ́dúnrún bóòtù, oní-milimítà méjìlá. Wọ́n fi àwòrán iṣẹ́ náà ránṣẹ́ lórí ìwé ńlá kan. Baba Tọ́nà ló gé gbogbo rẹ̀, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nídìí rẹ̀, èmi ni mo sì máa sọ bóyá ó dára tàbí kò dára.

Òrùka irin méjì la fi ń yẹ irú bóòtù bẹ́ẹ̀ wò. Èkíní gbọ́dọ̀ yí wọlé dé ìdí láìfipá. Èkejì kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí bó bá wọlé, a jẹ́ pé bóòtù ti tín-ín-rín jù, yóò máa mì nínú nọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n kò sí oníṣẹ́ tí ẹnu bóòtù rẹ̀ kì í tín díẹ̀ ju àárín lọ, nítorí náà ìwé òfin iṣẹ́ gbà kí òrùka kejì yìí yí wọlé díẹ̀ kó tó há. Díẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé ìyípo méjì ni. Bó bá ti kọjá méjì, dà á nù.

Mo mú bóòtù àkọ́kọ́. Òrùka kejì yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó tún yí ìdajì kó tó há gbagidi. Mo mú òmíràn, bákan náà. Mo yẹ bí ogójì wò, gbogbo wọn há síbì kan náà bí ọmọ ìyá. Ó yẹ kí ìyẹn fún mi ní èrò, pé ẹni tí kò mọṣẹ́ kò lè fi ọwọ́ gé ogójì bóòtù kí wọ́n jọra tó báyẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, inú mi dùn. Mo ti ń yẹ iṣẹ́ wò láti oṣù mẹ́rin, n kò tíì rí àṣìṣe ńlá kankan tí mo lè fi hàn pé owó oṣù mi kò lọ lásán.

"Baba, ẹ wò ó, ó ti kọjá ààlà," mo wí.

Ó gba òrùka náà lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i. "Kò pé mẹ́ta," ó ní. "Ní Kàdúná, ó di ìgbà tó bá kọjá mẹ́ta ká tó dà á nù. Ohun tó wà nínú ìwé àwọn ọ̀gá wa nìyẹn. Wo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹn dáadáa, Ẹnjiníà ọmọ mi. Wọ́n máa ń kọ èyí tí wọ́n bá fẹ́ síbẹ̀."

"Baba, ayé ti kúrò ní Kàdúná. Méjì ni."

"Ṣé o ti wò ó?"

Mo ní mo ti wò ó. Irọ́ ni mo pa. Mo ti wo àwòrán náà lóòótọ́, mo sì ti wo iye milimítà tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní kan wà ní igun ìsàlẹ̀ ìwé náà tí n kò kà. Mo tún lè kà á lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, ìwé náà ò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí mi lọ. N kò kà á nítorí pé òun ló ní kí n kà á.

Alhaji kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù bà á ni. Oníbàárà ńlá ni àwọn ará Èkó wọ̀nyí, kò sì fẹ́ kí wọ́n dá ẹrù padà. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, nítorí náà kò pe ọlọ́pàá, kò pe lọ́yà. Alága ẹgbẹ́ àwọn tọ́nà ló ránṣẹ́ pè, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jókòó sórí àwọn irin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ tèmi pẹ̀lú èdè òyìnbó tó pọ̀ nínú rẹ̀. Baba sọ tirẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá yìí ò bá mi jà.

Alága fa Baba sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ. "Bàbá, àgbà ni yín. Ẹ ṣáà bẹ Alhaji, kí ọ̀rọ̀ ó tán. Ta ló fẹ́ bá ẹnjiníà jiyàn ìwé?"

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń parí ìjà nílẹ̀ wa mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ẹni tó jàre náà máa ń bẹ̀, kí ilé má bàa tú, kí ẹni tí inú ń bí lè rí ibi fi ìbínú rẹ̀ sí. Gbogbo ẹni tó wà níjòkòó ló máa ń mọ̀, wọn kì í kàn sọ ọ́ síta ni. Baba bọ́ fìlà rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú Alhaji. "Alhaji, ẹ má bínú. Ẹ forí jì mí. Èmi ni mo jẹ̀bi." Ó wá yíjú sí mi, èmi tí mo lè jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. "Ẹnjiníà, ẹ má bínú." Kò tíì fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà.

Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí. Mo ti rí bàbá tèmi gan-an tó bẹ aládùúgbò lórí ohun tí kò ṣe. Síbẹ̀ mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo sì kọ ìròyìn pé oníṣẹ́ náà jẹ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí pé iṣẹ́ òun kò dára. Mo lu òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ sí i. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Èkó, mo sì fi ọ̀kan fún ẹgbẹ́ àwọn tọ́nà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìdùnnú ni mo fi sọ ẹyin yìí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìfọwọ́sí.

Ẹgbẹ́ ka ìwé mi síta nínú ìpàdé wọn. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ iṣẹ́ tí kò dára, kò ní pín nínú iṣẹ́ tó bá gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wá. Alhaji gbé iṣẹ́ bóòtù náà fún tọ́nà kan ní Ìlọrin láti gé òmíràn, wọ́n sì da ọ̀ọ́dúnrún ti Baba sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Láàárín oṣù díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì àti àwọn tó ń lọ ata, pé bàbá yẹn, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, bóòtù tín-ín-rín ló ń gé. Mo máa ń bá a nígbà tí mo bá ń kọjá, tó ti nu ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí kò sí iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀. Ó ṣì máa ń kí mi. Nígbà tó yá, ó ta ẹ̀rọ náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì kó lọ sí Òjòkú lọ gbin ẹ̀gẹ́. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí kò roko rí láyé rẹ̀. Wọ́n fi kún owó oṣù mi lọ́dún náà.

Ọdún márùn-ún kọjá. Alhaji rán mi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan ní Ìlọrin, níbẹ̀ ni olùkọ́ kan ti sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀, pé kì í ṣe òfin kan ṣoṣo ló wà lórí òrùka kejì. Bóòtù kan náà ni, milimítà kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ní kó má kọjá ìyípo méjì, ìwé àwọn Amẹ́ríkà sì gba mẹ́ta. Ó ní kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, kí èèyàn ṣáà wo èyí tí oníbàárà kọ sí ìwé iṣẹ́. Mo padà sí Ọ̀fà lọ́jọ́ náà gan-an, mo tú fáìlì, mo fa àwòrán àtijọ́ yẹn jáde. Ìlà kan péré ni, ní igun ìsàlẹ̀. Ìwé Amẹ́ríkà ni kí a fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo lọ bá Alhaji. Ó gbọ́ ọ tán. "Ṣé kí n wá kọ̀wé sí Èkó pé bóòtù tó dára la dà nù, pé a tún ba oníṣẹ́ lórúkọ jẹ́?" ó ní. "Ó ti pẹ́. Fi í sílẹ̀." Mo fi í sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun, mo sì ti ní ìyàwó. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo gun ọ̀kadà lọ sí Òjòkú láti lọ bẹ Baba fúnra mi, ní kọ̀rọ̀.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ilé. Ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ sì ti funfun. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé àlejò dé láti ilé iṣẹ́ Alhaji. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń wá fìlà rẹ̀ lórí láti bọ́ ọ, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ má bínú, ọ̀gá," ó ní. "Mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Mo ti ta ẹ̀rọ náà."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Baba, ẹ̀yin lẹ jàre. Mẹ́ta ni. Èmi ni n ò ka ìwé."

Ó mi orí. "Rárá, mo gé e tín jù ni. Ṣebí mo jẹ́wọ́." Mo tún un sọ, mo tún un sọ, kò gbà. Ó wá fà mí lọ́wọ́, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn bóòtù yẹn, ṣé wọn ò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe?"

Mo ní inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n wà, wọn ò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. "Alhamdulillahi," ó wí, ó sì mí kanlẹ̀. Nígbà yẹn ló yé mi pé ohun tó ti ń bẹ̀rù láti ọdún márùn-ún nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ọ̀nà. "Ṣé òótọ́ lẹ sọ?" ó bi mí.

"Òótọ́ ni, Ìyá."

"Èmi mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ ní Ọ̀fà, níbi tẹ́ ẹ ti sọ tàkọ́kọ́. Ẹ má wá síbí mọ́. Tẹ́ ẹ bá tún wá, á tún bẹ̀."

N kò sọ ọ́ ní Ọ̀fà. Mò ń dá oṣù fún ara mi, oṣù ń kọjá, títí wọ́n fi wá sọ pé Baba ti kú. Ní ọjọ́ kẹjọ, níbi àdúrà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe fún un, mo bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ tọ́nà tó wá kí wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Oníṣẹ́ gidi ni. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ṣàṣìṣe." Mo dìde láàárín wọn, mo ní kò ṣàṣìṣe rí, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì ṣàlàyé ìyípo méjì àti mẹ́ta fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Bàbá tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fọwọ́ gbá mi léjìká jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà," ó ní. "Bó ṣe yẹ ká máa sọ̀rọ̀ ẹni tó ti lọ nìyẹn."

Mo ti kúrò lọ́dọ̀ Alhaji báyìí, mo ní ibi iṣẹ́ tèmi. Mo ṣì máa ń sọ ọ́, fún tọ́nà, fún mẹ́káníìkì, fún ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ Baba lójú mi. Wọ́n máa ń dákẹ́ gbọ́ ọ, bí mo bá sì ti sọ ọ́ tán, wọ́n máa ń yìn mí pé mo níwà.