Ìlú tí Mo Ní kí Wọ́n Kọ

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí mo ti ń tọ́ láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú, fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn. Nígbà tó jáde ilé-ìwé girama, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ kiri, inú ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ mi ní ọjà Madina ní Accra lòun máa ń wà, á jókòó sórí páálí, á máa fi fóònù mi wo ohun tí àwọn ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ń béèrè. Ó ń kà á fún mi: irú èsì ìdánwò tí wọ́n ń fẹ́, ọdún tí wọ́n ń lò, irú bàtà tí wọ́n ń wọ̀. Èmi ń gé ọṣẹ gígùn sí wẹ́wẹ́ fún oníbàárà, mò ń gbọ́. Ó tó ìgbà kan tí mo gé ọṣẹ kéré jù nítorí pé mò ń fetí sí ọ̀rọ̀ nípa eegun ara ènìyàn.

Èmi kò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kẹta ni mo dé, níbí ní Accra, kí ìjọba ìgbà náà tó ní kí àwa tí a kò ní ìwé àṣẹ máa lọ sí ìlú wa. Mo fi síléètì mi sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì nínú kíláàsì torí mo rò pé tó bá di ọjọ́ Ajé, a ó padà. Ṣakí ni wọ́n kó wa lọ. Ìlú bàbá mi ni, ṣùgbọ́n èmi kò débẹ̀ rí, Accra ni wọ́n ti bí mi. Àwọn ọmọ Ṣakí ń pè wá ní ará Gáná. Nígbà tí mo lọ́kọ, tí ọkọ mi mú mi padà wá sí Accra, àwọn ará ibí ń pè wá ní Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti dẹ́kun bíbínú sí i. Bàbá mi ló kọ́ wa pé ẹnikẹ́ni tó bá bi wá pé ará ibo ni wá, Ṣakí ni kí a sọ, kó má sì pẹ́ lẹ́nu wa. Ibẹ̀ ló kú sí. Iwájú ilé ni wọ́n sin ín sí.

Bí mo ṣe kọ́ ọmọ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe kọ́ ọmọ ọmọ mi nìyẹn. Bàbá ọmọ yìí, ọmọ ẹ̀yà Ga níbí ni, ará ìlú Teshie, ó kú nígbà tí ọmọ ṣì ń rá. Ìyá rẹ̀ ń ṣòwò ní Kumasi. Yorùbá tí ọmọ náà ń sọ kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ fèsì, Twi, èdè ibí, ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Síbẹ̀, bí ẹ bá jí i lójú oorun tí ẹ bi í pé ará ibo ni, Ṣakí ni yóò sọ.

Nígbà tí ilé-ìwé tó fẹ́ ṣí ibi ìforúkọsílẹ̀ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní pọ́tàlì, a ra káàdì tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, a họ ọ́, a gbé e lọ sí kafé kan lẹ́yìn ọjà. Ọkùnrin tó ń bá ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù níbẹ̀ mọ̀ mí, ọ̀dọ̀ mi ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ra ọṣẹ. Twi la jọ ń sọ.

"Maa, ẹ jókòó. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì?"

"Bí wọ́n bá gbà mí, màá ṣe é," mo ní. "Ìwọ ni màá kọ́kọ́ gún lábẹ́rẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀, èmi sì ń dáhùn. Nílé wa, bí ará ìta bá ń béèrè nípa ọmọ lójú àgbà, àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ kì í gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ ìbí, mo sọ ọ́. Ó béèrè ìlú rẹ̀. Ní Gáná níbí, kò sí fọ́ọ̀mù tí kì í béèrè ìlú ẹni, títí dé ti ọsibítù. Kí ọmọ tó ya ẹnu, mo ti ní, "Ṣakí."

"Ṣakí wo nìyẹn? Ṣé apá àríwá ni?"

"Nàìjíríà ni."

Ó yí àga rẹ̀ sí mi. "Ọmọ Nàìjíríà ni, àbí?"

"Láàárọ̀ lálẹ́ lẹ̀ ń pè wá ní Alata. Kí lo tún ń bi mí sí?"

Gbogbo àwọn tó wà ní kafé rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mo dá a lóhùn dáadáa. Ọmọ náà wò mí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́, ó ka gbogbo rẹ̀ jáde kíákíá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ṣé ó tọ̀nà. Mo ní ó tọ̀nà. Ìwé jáde, a ká a, a lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kì í ṣí pọ́tàlì yẹn wò kí a tó gbé ọjà jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí i tó gbé fóònù lé orí ọṣẹ jẹ́jẹ́.

"Wọn ò gbà mí, Màmá àgbà."

"Èsì ìdánwò rẹ ńkọ́?"

"Kì í ṣe èsì."

Ó kà á fún mi, ó fi Twi túmọ̀ rẹ̀, ó wá fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ tún un sọ kó lè dá mi lójú. Wọ́n ní ọmọ Gáná nìkan ni ilé-ìwé náà wà fún. Ó ní nígbà tí ọkùnrin yẹn ti fi í sí ọmọ Nàìjíríà, ibi tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀ Gáná rẹ̀ kò tilẹ̀ yọjú. Káàdì náà sì wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"O mọ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn fún mi kó bínú. Oníbàárà kan dé, ó fẹ́ ọṣẹ méjì, mo tà á fún un, mi ò rántí irú èyí tí mo fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣí àpótí mi, mo mú ìwé ìbí rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ gbà kó tó kú, a wọ ọkọ̀ trotro, a lọ sí ọ́fíìsì tí ilé-ìwé náà ní nígboro Accra. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù tí wọ́n fi ń gba àtúnṣe. Ó wo ìwé ìbí, ó wo ojú mi.

"Maa, ta ló sọ pé ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ ibí?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Ó mi orí. "Ọmọ Teshie gidi lẹ sọ di Alata. Bí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ bá gbọ́, ẹ ó ra ọtí láti fi bẹ̀ wọ́n."

"Mùsùlùmí ni mí, mi ò lè ra ọtí."

"Ẹ ó ra mínírà nígbà náà. Páálí méjì."

Inú rere ló fi sọ ọ́. Ó tẹ lẹ́tà kan tí mo ní láti fọwọ́ sí. Mo ní kí ọmọ kà á fún mi kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó kà á jẹ́jẹ́, ó ń wá ọ̀rọ̀: "Ẹ ní ẹ̀yin ni ìyá àgbà mi. Ẹ ní Teshie ni ìlú mi. Ẹ ní Ṣakí tí ẹ sọ nígbà yẹn, kì í ṣe ìlú mi." Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ohùn rẹ̀ kò gòkè tó ti àkọ́kọ́.

Obìnrin náà ní bí mi ò bá lè kọ̀wé, kí n tẹ àtàǹpàkò. Mo ní mo lè kọ orúkọ mi. Mo kọ ọ́, ó gbà mí lákòókò, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò kán mi lójú. Òótọ́ ni ohun tí mo fọwọ́ sí. Bàbá ọmọ wà, ìlú bàbá rẹ̀ wà, èmi ni mo gbé tèmi lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé kálàmù sílẹ̀, ó ṣe mí bí ìgbà tí wọ́n tún kó mi kúrò níbì kan.

Obìnrin náà yí kọ̀ǹpútà sí wa, ó ní kí ọmọ fi àtúnṣe náà ránṣẹ́. Ọmọ na ìka, ó dúró.

"Màmá àgbà, kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Má bi mí. Ìwé tìẹ ni."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀, pọ́tàlì sọ pé wọ́n ti gbà á. Ó fi ìborùn rẹ̀ bo ojú. Ọdún rẹ̀ kejì nìyí níbẹ̀, ìlú tí ilé-ìwé náà wà jìnnà sí Accra. Nígbà tó wálé fún ìsinmi, ó fi ojú-ewé tirẹ̀ lórí pọ́tàlì hàn mí, àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, Teshie lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ àwọn lẹ́tà orúkọ ìlú náà dáadáa báyìí. Ó ti lọ kí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹja gbígbẹ kó gbé wá fún mi, ẹja tó dára.

Mo ti fẹ́ mú un lọ sí Ṣakí. Orúnkún mi kò gbà mọ́, òun náà kò sì ráyè. Nítorí náà, bó bá pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, mo máa ń sọ ọ̀nà ibẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀, láti ibi tí ọkọ̀ ti ń já ènìyàn sílẹ̀: igi ńlá tó wà létí ọ̀nà, kànga, odi ilé tó ti wó lápá kan. Ó ń gbọ́, ó ń dá mi lóhùn pẹ̀lú Twi. Ìgbà mìíràn á ní, "Màmá àgbà, mepaakyɛw, ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́ wa ti wọlé sórí pọ́tàlì. Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ ó parí rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀." Èmi náà á dúró síbẹ̀. Jímọ̀ tó kọjá, iwájú ilé la dé, níbi tí bàbá mi wà. A kò tí ì wọlé.