Bàámi Ló Máa Ń Ṣáájú

Òórùn kẹrosíìnì ni mo fi ń mọ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Agbowó n'Ìbàdàn nígbà èwe wa kò ní gbàgbé: ìjọba ní kí oníkálùkù wà nílé kó túnlé ṣe, kò sí mọ́tò lójú títì títí di aago mẹ́wàá, a ó kó pàǹtí inú gọ́tà, a ó wá da kẹrosíìnì lé omi tó kù kí ẹ̀fọn má baà pa wá jẹ. Bí a bá ti gbálẹ̀ tán, tí aago mẹ́wàá kò sì tíì lù, bàámi á gbé pátákó ṣẹ́ẹ̀sì jáde sí fàrándà. Èmi ni wọ́n máa ń bá ta á.

Tíṣà jọ́gíráfì ni bàámi ní ilé ìwé kan ní Ṣàngó, bóyá ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀rẹ̀ eré ṣẹ́ẹ̀sì fi dùn mọ́ wọn, torí orúkọ ìlú ni púpọ̀ nínú àwọn ìbẹ̀rẹ̀ náà ń jẹ́. Funfun ló ń kọ́kọ́ rìn, bàámi ló sì ń mú funfun nígbà gbogbo. Wọ́n á ti ọmọ ogun tó wà níwájú ọba ní ilé méjì, wọ́n á ní, "Iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí." Ó wá kù sọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti tèmi wá pàdé tiwọn, wọ́n á mú ẹṣin fò jáde, wọ́n á yọ bíṣọ́ọ̀bù kó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọba mi. Ti àwọn ará Ítálì nìyẹn. Bí bíṣọ́ọ̀bù yẹn bá fi ilé kan kọjá ibẹ̀, tó lọ ń halẹ̀ mọ́ ẹṣin mi, ó di ti Sípéènì. Èmi náà sì lè ti ọmọ iwájú ọba mi ní ilé kan péré, bí onítìjú. Ti Faransé nìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Sísílì, tí n ó fi ọ̀rọ̀ iwájú ọba sílẹ̀, tí n ó gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí wọn. Bàámi á mirí: "Áà, ìjà lo fẹ́ lónìí!"

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Bàámi, èwo wá ni ti Ìbàdàn?"

"Ti Ìbàdàn ni kí ọmọdé dúró kí àgbà ṣáájú."

Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. Inú mi kò dùn. Ó ń wù mí kí n ṣáájú, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n mọ bó ṣe ń rí kí ẹlòmíràn máa wò mí lójú láti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Àmọ́ ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́? Nílé wa, ọmọ tó bá bu òkèlè ṣáájú bàbá rẹ̀, kò lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ilé ìwé mi mú mi lọ sí ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò Jẹ́ríkò. Ìdáhùn kún orí mi fọ́fọ́. Ọmọkùnrin tí a fẹ́ jọ ta á fi ọmọ ogun funfun kan àti dúdú kan pamọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó na ọwọ́ náà sí mi kí n mú ọ̀kan. Mo mú ọ̀kan, ó là á: funfun. Yéè! Ẹlòmíràn ì bá fò sókè. Èmi jókòó, mo ń wò ó, òun náà ń wò mí, títí tíṣà tó ń bójú tó wa fi ní, "Ọmọ dáadáa, ìwọ là ń dúró dè o."

Ojú tì mí. Mo sáré na ọwọ́ síbi tí ojú mi ti mọ ìrìn bàámi. Ṣùgbọ́n láti òdìkejì ni mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí! Lọ́dọ̀ mi, apá òsì ayaba ni ọba máa ń wà. Níbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, apá ọ̀tún rẹ̀ ló wà. Ọmọ iwájú ayaba ni mo tì. Ítálì, Sípéènì, Sísílì, láti iwájú ọba ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ bá di òfo. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi nà mí.

"O kò mọ ilé ọba ẹ ni?" Bàámi tó wá mú mi fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí Sátidé ìmọ́tótó tún dé, wọ́n to funfun síwájú ara wọn, èmi náà sì dáhùn.

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, àdúgbò Challenge ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nípàdé, èmi kọ́ ni máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sọ tirẹ̀ tán, kó yáa múra, torí ẹnu mi mú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́sí, mo lọ kí bàámi. Wọ́n ti darúgbó. Bí wọ́n ṣe gbé pátákó jáde, wọ́n tún to funfun síwájú ara wọn.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣáájú lónìí."

Wọ́n wò mí. Wọ́n yí pátákó náà padà, funfun wá bọ́ síwájú mi. Mo kọ́kọ́ wo ibi tí ọba mi wà dáadáa, mo wá ti ọmọ iwájú rẹ̀ ní ilé méjì. Bàámi tẹjú mọ́ ọn, ó pẹ́ débi tí mo fi rò pé oorun ti gbé wọn lọ.

"Bàámi, ẹ̀yin ló kàn."

"Mo mọ̀. Mi ò jókòó sápá ibí rí ni." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n tún fà á padà. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé báyìí ló máa ń rí lójú ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, bàámi."